Ẹ Má Jẹ́ Kí A Pe PrEP Ní Àjẹsára

Orúkọ Yorùbá ni a ń wá fún PrEP, oògùn tí ẹni tí kò ní HIV ń lò kí kòkòrò HIV má baà ráyè lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n dábàá pé kí a máa pè é ní “àjẹsára HIV” ṣe iṣẹ́ gidi, nítorí kò sí abiyamọ tó ń gbọ́mọ lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù, n'Íbàdàn, tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà wa ti pín. Ohun tí abiyamọ mọ̀ sí àjẹsára ni abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì gún ọmọ, tó kọ ọ́ sí káàdì, tí ó sì parí. Hóró oògùn tí a pò tenofovir àti emtricitabine sínú rẹ̀ ni PrEP, ojoojúmọ́ ni a sì sábà ń lò ó. Oògùn yìí fúnra rẹ̀ ló ń dí kòkòrò náà lọ́wọ́ kí ó má lè bí sí i, nítorí náà bí ènìyàn bá ti dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró, ààbò náà ń lọ nìyẹn. Ẹni tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, tó sì fọkàn balẹ̀ pé òun ti gba àjẹsára, orúkọ ló ṣì í lọ́nà.

Àbá kejì ni pé kí a kàn wí pé “oògùn HIV”. Èyí burú ju ti ìṣáájú lọ. Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ tí mò ń ṣe fún àwọn tó ń ṣe ìlanilọ́yẹ̀ nípa ìlera, mo ti bá àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin sọ̀rọ̀, àti àwọn tí a bí ní ọkùnrin tí wọ́n mọ ara wọn sí obìnrin. Èébì àti orí fífọ́ tí oògùn náà lè fà kò bà wọ́n lẹ́rù tó ojú ẹni tí yóò rí igò oògùn náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá ẹlòmíràn gbé yàrá ní Àgbọwó da tirẹ̀ sínú ike fítámì-sí, ó sì ki òwú bọ ẹnu rẹ̀ kí ó má baà máa dún nínú báàgì. Tenofovir wà nínú oògùn tí àwọn tó ti ní HIV ń lò pẹ̀lú, ẹni tó bá sì wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù yóò gbà pé alábàágbé òun ní àrùn náà. Láàrin àwọn ẹgbẹ́ wọn pàápàá, àwọn kan ń wí pé oníṣekúṣe ló ń lò ó.

Ẹ wá fi òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 kún un, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó akọ sí akọ tàbí abo sí abo, àti ọdún 10 sí fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Ìdí nìyí tí n kò fi gba àbá kẹta, tó fẹ́ kí orúkọ oògùn náà dárúkọ àwọn tó ń lò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé tó dábàá oògùn náà fún àwọn ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ ní 2014 sọ ọ́ di ti gbogbo ẹni tí ewu náà pọ̀ fún ní 2015. Aya tí kò ní HIV tí ọkọ rẹ̀ ní in lè lò ó.

“Oògùn àtètèlò” ni mo fi lélẹ̀. Ó bá “oògùn àlòtẹ̀lé” rìn, èyí tí a ó fi pe PEP, oògùn ìdènà HIV tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 72 lẹ́yìn tí ewu ti ṣẹlẹ̀, tí a ó sì lò fún ọjọ́ 28; àwọn méjèèjì ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ jù. Abẹ́rẹ́ cabotegravir, tó ń ṣe iṣẹ́ PrEP, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021, tí a ń gbà ní oṣù méjì méjì, yóò máa jẹ́ “abẹ́rẹ́ àtètèlò”. Ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ náà kò sọ àrùn tó ń dènà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ìwé inú páálí yóò sọ ìyókù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ènìyàn lè fi béèrè oògùn ní Mọ́kọ́lá láìkọ́kọ́ wo ẹ̀yìn, kí ó mú un wá.