Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ ojú omi àlòkù: ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí ní èbúté

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan béèrè lánàá pé kí ni kí òun yẹ̀ wò lára ọkọ̀ ojú omi àlòkù, nítorí pé òun kò ra irú rẹ̀ rí, àfi kí ẹ́ńjìnnì ṣáà ti dún ni òun mọ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń gba owó, òun náà ló sì ń gba ojú ẹni. Tèmi ni pé kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná. Ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ọkọ̀ fáíbà ni mò ń wá nígbà náà, èyí tí màá fi máa kó ẹrù láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Èrò. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, orí omi ni wọ́n bí wọn sí, orí omi ni wọ́n dàgbà sí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi lọ. Ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ lọ wò wà ní Bàyékù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní búlúù àti funfun, ó ń dán gbinrin, òórùn ọ̀dà náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á ṣe rí wa ló ti bẹ̀rẹ̀ oríkì ẹ́ńjìnnì: Yamaha 40 ni, tòkunbọ̀ gidi ni, kò tíì fi ẹnu kan omi Nàìjíríà rí.

Ẹ̀gbọ́n kò dá a lóhùn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò, wọ́n wọ inú omi tó mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Wọ́n yọ súkúrú díráfà kan nínú àpò, wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n wá ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó jẹ́ rọ́bà kan ara ọkọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kó, kó, kó. Ohùn náà le, ó sì mọ́. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ ibi tí wọ́n fi bóòtì de ẹ́ńjìnnì mọ́, ohùn yí padà: bù, bù. Èmi tí n kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì lára ọkọ̀ gan-an gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n wá di ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú nísàlẹ̀, wọ́n gbé e sókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mì díẹ̀, ìyẹn kò burú. Àmọ́ pákó tó gbé e dúró náà bá a mì. Lẹ́ẹ̀kan náà ni omi pupa rúsúrúsú kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bóòtì, ó ṣàn gba orí ọ̀dà funfun tuntun yẹn wálẹ̀.

Ẹni tó ń tà á ní, “Ẹ̀gbọ́n, omi òjò ni.”

Ẹ̀gbọ́n ní, “Òjò wo? Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí?”

Bó ṣe ń rí nìyí, fún ẹni tí kò bá mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà, fáíbà wà lóde, fáíbà wà nínú, ṣùgbọ́n púláíwúùdù ló wà láàárín wọn níbi ìdí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń gbé. Tí wọ́n bá lu ihò bóòtì tí wọn kò dí etí rẹ̀ dáadáa, omi á máa gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, pákó á máa jẹrà nínú òkùnkùn, fáíbà òde kò ní fi hàn. Bẹ́ẹ̀ Yamaha 40 lásán wúwo ju 70 kílò lọ, ká má tíì sọ agbára tó fi ń ti ọkọ̀ síwájú tí ẹ bá fún un ní iná. Ìdí tó ti jẹrà lè já lójú ọ̀sà, kí ẹ́ńjìnnì rì lọ, kí omi sì gba ojú ibẹ̀ wọlé. Títún un ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀dà. Wọ́n á sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, wọ́n á la fáíbà, wọ́n á ha gbogbo pákó jíjẹrà kúrò, wọ́n á tò ó tuntun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà, a sì bá tiwa lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ọkọ̀ tí a bá lọ wò, mo ti mọ ibi tí màá kọ́kọ́ gbà. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fi gìgísẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ inú ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, igi tó gbé e ró nísàlẹ̀ ló ti rọ̀. Ẹ wo igun níbi tí ògiri ọkọ̀ ti pàdé ilẹ̀, ibẹ̀ ni ó máa ń sán. Ọ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni wọ́n kùn, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wá kàn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe tan án kí ẹ tó dé, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e. Tó bá ti gbóná, ó ti tan án ná nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í tètè dún láàárọ̀. Tó bá dún, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: omi tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ máa tú jáde níbẹ̀ pẹ̀lú agbára. Omi yẹn ló fi hàn pé pọ́ǹpù tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ń ṣiṣẹ́. Ewé omi tó gba Bàdágìrì wọ orí omi wa ní 1984 kò tíì fi wá sílẹ̀, ó sì máa ń dí ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ló ti ti ibẹ̀ gbóná kú. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú súkúrú ìsàlẹ̀ níbi gíà, kí ọ́ìlì díẹ̀ kán sílẹ̀. Tó bá funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú gíà. Kó tún tú plọ́ọ̀gì, kó fi géèjì wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ àárín wọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Paríparí rẹ̀, ẹ gbé e jáde sójú ọ̀sà, kí ẹ sì kó èèyàn àti ẹrù sí i. Kò sí ọkọ̀ òfìfo tí kì í sáré. Ẹ bá a lọ, ẹ bá a bọ̀, kí ẹ wá ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wo omi tó ti wọlé. Ibi tí èyí tí mo rà ti fi ara hàn mí nìyẹn: ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

Apẹja, Ìgbókòdá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ọ̀rọ̀ fáíbà ni gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ wa níbí, pákó la ṣì ń lò, ọgbọ́n rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ẹ má ra ọkọ̀ pákó lórí ilẹ̀. Tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, pákó á súnkì, ojú ìsopọ̀ á là, ẹ̀rù á ba ẹni tí kò mọ̀, á ní ọkọ̀ náà ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá tì í sínú omi, pákó á mu omi, á wú, ojú á pa dé fúnra rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà sì wà: ẹlòmíràn á ti òwú àti ọ̀dà dúdú bọ gbogbo ojú ìsopọ̀, á gbé e sórí iyanrìn, á ní ṣe ni òun ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ ní kó tì í sómi, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú. Ẹ padà lọ ní kùtùkùtù, kí ẹ bá igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi níbi tó wà, kí ẹ wò ó bóyá ó tutù. Tó bá tutù, wọ́n ti gbọ́n omi lóru nìyẹn, ọkọ̀ náà ń jò.

Mo fẹ́ ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnìkan ní ọ̀nà Ayétòrò. Ẹ ò gbọdọ̀ fojú kékeré wo àwọn ará ibẹ̀ lórí iṣẹ́ ọkọ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó ní 1947 ni orí omi ti jẹ́ ilé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ń jẹ ilẹ̀ náà lọ. Igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi kan ọkọ̀ ọ̀hún, ó rẹwà lójú mi. Ṣùgbọ́n mo wo ibi tí omi máa ń mọ lára rẹ̀, mo rí àwọn ihò kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ ibẹ̀, ọ̀bẹ wọlé dé ìdajì láìjà. Kòkòrò omi iyọ̀ ni. Láti kékeré ló ti ń wọlé, inú pákó ni ó ti ń sanra, á jẹ gbogbo inú rẹ̀ tán kí òde tó mọ̀. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ lágbára o, àmọ́ tí pákó kan nínú mẹ́wàá bá jẹ́ igi yẹpẹrẹ, ibẹ̀ ni yóò gbà wọlé. Ọkọ̀ tó bá ń ti omi dídùn bọ̀ kò mọ kòkòrò yìí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ibi tó ti ń lò ó.

Ẹ wo orí ìṣó náà. Tí ìpáàrà bá ti ṣàn sílẹ̀ lára pákó, ìṣó yẹn kò di nǹkan kan mú mọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti kan igi, ẹ ti kan irin, ẹ kò mẹ́nu ba ìwé.

Lórí omi wa, ẹ́ńjìnnì ni olè fẹ́ràn jù. Wọ́n á yọ ọ́ lóru, wọ́n á fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún apẹja láti fi àjẹ̀ wà á relé. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kan wá bá mi, owó rẹ̀ rọ̀ ju ti ọjà lọ dáadáa. Mo ní kí ọmọ mi fi iná fóònù wo ara irin tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbá ìdí ọkọ̀ mú, níbi tí pátákó kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí máa ń wà. Pátákó kò sí. Ihò ìṣó ló kù, wọ́n sì ti fi fáìlì ha ibẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà. Mi ò pariwo. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ́dọ̀ alága àwọn ọlọ́kọ̀ èbúté kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí wa. Ọmọkùnrin náà ní òun fẹ́ gba ìpè kan. Ìpè yẹn ló ṣì ń gbà títí di òní.

Ẹ gba rìsíìtì, ẹ wo orúkọ tó wà lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ bóyá orúkọ ẹni tó ń tà á ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ tó wà láàárín NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó omi abẹ́lé, àti LASWA, àjọ ìjọba Èkó lórí omi, wọ́n ní ọwọ́ NIWA ni àṣẹ orí omi abẹ́lé wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìwé àtijọ́ han yín, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì NIWA kí ẹ tó ka owó. Ẹ ka jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tó bá ọkọ̀ wá pẹ̀lú, kí ẹ sì fa bẹ́líìtì wọn. Èyí tí oòrùn ti jẹ máa ń já sọ́wọ́ ẹni.

Ọmọ Yorùbá ní London

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ti súkúrú díráfà yẹn. Ọkọ̀ onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní narrowboat ni mo rà níbí, inú rẹ̀ ni mò ń gbé nítorí owó ilé. Olùyẹ̀wò tí mo bẹ̀ lọ́wẹ̀ gbé hámà wá, ohun tí ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ ṣe gan-an ló ṣe. Ẹ̀rọ tó fi wọn bí irin ṣe nípọn ló fi lé e. Ẹni tó ń tà á ti ní ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ nílẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, èmi náà á san tèmi. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 6 nígbà tó bá wà ní tuntun. Tó bá ti wálẹ̀ ju 4 lọ, àwọn onínṣọ́ránsì á bẹ̀rẹ̀ sí í fajú ro. Ibì kan lára ti ọ̀hún ti wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ọ̀dà dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Owó já wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n fi irin tuntun bo ibẹ̀ kí n tó gbà á.

Tó bá jẹ́ níbí lẹ ti ń rà, ẹ béèrè ìwé ààbò ọkọ̀ pẹ̀lú, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń gbà á. Kí ẹ sì mọ̀ pé tí ẹ kò bá ní ibi ìgúnlẹ̀ tiyín, ẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ 14 lọ lójú kan, yálà òjò ń rọ̀ tàbí yìnyín ń bọ́.

Ẹni tó béèrè lánàá

Ẹ ṣé gan-an, mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìkòròdú, wọ́n ń fi ọkọ̀ kan lọ̀ mí, four-stroke ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n ní kì í jẹ epo. Ṣé kí n gbà?

Ọmọ Ìkòròdú

Àbúrò, òótọ́ ni pé epo rẹ̀ kò pọ̀, o ò sì ní máa po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù. Àmọ́ ó wúwo ju two-stroke, èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, lọ, tó bá jẹ́ pé two-stroke ni ìdí ọkọ̀ yẹn ti ń gbé tẹ́lẹ̀, o ti mọ ibi tí súkúrú díráfà á kọ́kọ́ dé. Èkejì, two-stroke ni gbogbo mẹkáníìkì èbúté lè tú lójú oorun. Wádìí ẹni tó mọ four-stroke ní àdúgbò rẹ kí o tó fọwọ́ sí i. Tó bá sì jẹ́ two-stroke lo padà rí, bi ẹni tó ń tà á bó ṣe ń po epo rẹ̀. Lítà ọ́ìlì kan sí 50 lítà bẹntiróòlù ni wọ́n sábà máa ń lò. Tó bá ní “a kàn máa ń fojú bù ú ni”, kọ́mpírẹ́ṣọ̀n ni kí o kọ́kọ́ wọ̀n.

Tí o bá ti mọ ọjọ́ tí o fẹ́ lọ, fi tó mi létí. Ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ wà nílé títí ìparí oṣù, ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá ra epo tí a máa fi gbé e jáde o.