“Ọtí ṣúgà” kọ́ ni kí a máa pè é

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi dábàá pé kí a máa pe sorbitol, xylitol àti àwọn ẹbí wọn, àwọn ohun adùn tí a ń fi rọ́pò ṣúgà nínú oúnjẹ, ní “ọtí ṣúgà”, nítorí pé bí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ṣe ń pè wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì (sugar alcohol) nìyẹn. Ó fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọtí ló ń pani. Àlàyé náà lágbára, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. “Ẹlẹ́rìndòdò” tó tẹ̀ lé ọtí yẹn ló yọ ọ́ lẹ́bi; “ṣúgà” kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé inú ohun dídùn ni ọtí ti ń wá: ẹmu tó dùn láàárọ̀ á ti kan kó tó di alẹ́.

Àbúrò ìyá mi kan, Àlhájà tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, ra bísíkíìtì aláìníṣúgà ní ọjà Tèjúoṣó ní Yábà. Ọmọ rẹ̀ ka ẹ̀yìn páálí náà fún un, ó sì túmọ̀ “sugar alcohol” tó wà níbẹ̀ sí “ọtí ṣúgà”. Àlhájà dá èyí tó ti mú dání padà sínú páálí, ó ní ọtí kì í kan ẹnu òun. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń pani nínú rẹ̀ rárá. “Adùnbíṣúgà” ni èmi fara mọ́, kí a sì fi “pólíọ̀lù” (polyol, orúkọ mìíràn tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹbí sorbitol) kún un níbi tí a bá ti fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára saccharin àti irú rẹ̀, àwọn adùn tí kì í ṣe ẹbí wọn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. Ní 1999, JECFA, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀, ṣe ìpinnu lórí ìwọ̀n tí ènìyàn lè jẹ lójúmọ́ nínú erythritol, ọ̀kan lára àwọn pólíọ̀lù, a sì túmọ̀ ìpinnu náà nínú ìjíròrò wa yìí sí “wọn kò sọ ìwọ̀n rẹ̀”. Ẹni tó bá ka èyí á rò pé wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí ìdí láti fi ìwọ̀n dè é: bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́ nìyẹn. Kí a sì fi ọdún sí i, nítorí pé ní 2023, EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù, fi ìwọ̀n dè é, ìdajì gíráàmù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n, èyí tó jẹ́ 30 gíráàmù fún ẹni tó wọn 60 kílò.

Nítorí kí ìgbẹ́ má baà rọ̀ jù ni wọ́n ṣe fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀. Èyí tí ara kò bá gbà nínú pólíọ̀lù máa ń fa omi wọ inú ìfun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ìyẹn ní jẹ̀díjẹ̀dí, bí ẹnìkan ti ṣe lánàá. Àìsàn ni jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ní àgbo tirẹ̀. “Àjẹjù rẹ̀ lè mú ìgbẹ́ rọ̀” ti tó láti kọ sára páálí.