Kí ni kí n rí dì mú nínú àkọsílẹ̀ MOT alùpùpù àlòkù yìí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London:
Mo kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ lórí alùpùpù ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ ra Honda CB125F àlòkù kan tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2017, £1,350 sì ni ẹni tó ń tà á pè é. Ó ní òun nìkan ni òun ti ń gùn ún láti ìgbà tó ti wà ní tuntun, àti pé ibi iṣẹ́ nìkan ni òun ń gbé e lọ. Mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wo àkọsílẹ̀ MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n máa ṣe fún ọkọ̀, lórí ìkànnì ìjọba, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Oṣù kẹwàá ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún: máìlì 4,900 ló ti rìn ní 2020, 5,800 ní 2021, 6,600 ní 2022, 17,900 ní 2023, àti 29,300 ní 2024. Ó yege láìlábùkù ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní 2023 ó yege, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ pé bẹ́árìn tó wà lọ́rùn háńdù rẹ̀ ti ń mì díẹ̀ àti pé séènì rẹ̀ ti dẹ̀. Ní 2024 kò yege, torí pé bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán. Wọ́n tún un ṣe, ó yege lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ìkìlọ̀ méjèèjì ti ọdún tó ṣáájú ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, oṣù mẹ́fà sì kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n rà á?

Mékáníìkì Peckham:
Àbúrò mi, má ka oṣù mẹ́fà yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ìjọba fi oṣù mẹ́fà kún àkókò àwọn ọkọ̀ tí àyẹ̀wò wọn bọ́ sí àárín ọjọ́ 30 oṣù kẹta sí ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2020. Àìyege ti 2024 náà kò dùn mí, nítorí pé jíjẹ ni bíréèkì ń jẹ, wọ́n sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìkìlọ̀ tó padà wá lọ́dún kejì ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Wọ́n sọ fún ọkùnrin yìí pé bẹ́árìn ń mì, ó sì tún gun máìlì 11,400 lé e lórí láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò náwó sórí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ṣé yóò náwó sórí ọ́ìlì tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè? Bíi lítà kan péré ni ẹ́ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀ ń gbà, kì í sì í fara da ìyà fún ìgbà pípẹ́. Mọ̀ pẹ̀lú pé àyẹ̀wò MOT kì í wo inú ẹ́ńjìnnì, kílọ́ọ̀ṣì tàbí jíà. Bíréèkì, táyà, iná, háńdù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wò, bó sì ṣe rí lọ́jọ́ náà nìkan ni wọ́n ń kọ.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, tún iye máìlì yẹn wò. Kò tó 1,000 lọ́dún láàárín 2020 sí 2022, lẹ́yìn náà ló fò lé 11,000. Iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ kiri ló jọ lójú mi. Iṣẹ́ náà kò burú, ọkọ mi ṣe é fún ọdún mẹ́rin, alùpùpù rẹ̀ sì mọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àmọ́ kò bá ìtàn tí wọ́n sọ fún ọ mu. Ní kí ó fi ìwé V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, hàn ọ́, nítorí pé iye àwọn tó ti ni ín ṣáájú àti ọjọ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ara irin rẹ̀ wé ti inú ìwé. Àkọsílẹ̀ MOT kì í sọ bóyá gbèsè wà lórí ọkọ̀ tàbí bóyá wọ́n jí i gbé, nítorí náà sanwó fún ìwádìí ìyẹn lọ́tọ̀. Tètè débẹ̀ láàárọ̀, kí o sì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó tó ṣíná sí i. Tó bá ti gbóná, ó ti ṣíná sí i sílẹ̀ dè ọ́ kí o má baà mọ bó ṣe ń ṣòro tó láti ṣíná sí i nígbà tó bá tutù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní London:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Mo lọ wò ó láàárọ̀ Sátidé. Oṣù kìíní 2023 ló wà nínú V5C pé ó dé ọwọ́ rẹ̀, ẹnì kan sì ti ni ín ṣáájú. Nígbà tí mo bi í léèrè nípa rẹ̀, ó gbà pé òun fi gbé oúnjẹ. Rìsíìtì ọ́ìlì kan ṣoṣo ló ní. A gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, mo yí háńdù, ó sì ń há ní àárín gbùngbùn, àmì pé bẹ́árìn ọrùn rẹ̀ ti jẹ. N kò rà á. Mo ti rí òmíràn tó ti rin máìlì 24,000: ẹ̀ẹ̀mejì ni kò yege, ṣùgbọ́n kò sí àléébù kankan nínú rẹ̀ tó tún fara hàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, rìsíìtì rẹ̀ sì pé. Mo ń lọ wò ó lọ́jọ́bọ̀.