Ṣé oníṣekúṣe ni mí ni?

Ìyá Gàárì Òkè-Àjé: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ gbà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìsọ̀ mi mọ̀ pé n kì í rìn kiri. Dókítà ní jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ ló ń ṣe mí, pé kòkòrò HPV, tí wọ́n ń kó látinú ìbálòpọ̀, ló fà á, ó ti ba DNA jẹ́, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ara ń tẹ̀ lé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin gbọ́, ó ní kí n dá a padà síbi tí mo ti kó o! Èmi tí mo ra aṣọ Ojúde Ọba fún un láwìn, tí kò tíì san kọ́bọ̀. Ọkọ mi dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Ìbejì: Ará ilé ọkọ! Ìju ni tèmi, ìyá ọkọ mi ní oyún àjẹ́ ni. Ọdún 6 la ò fi kíra wa.

Ọmọ Rẹ́mọ: Bàbá kan wà n'Ípẹ̀rù, àgbo ẹ̀...

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbé àgbo yín sọ́hùn-ún jàre!

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù: Ẹ fàna sílẹ̀ ná. Ìwà kọ́ o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti mọ ọkùnrin rí ló ti kó HPV, ara ló sì máa ń lé e lọ. Tí irú HPV tí wọ́n ń pè ní 16 tàbí 18 bá jókòó síni lára, ó lè tó ogún ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. Aṣọ́bodè kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, p53. Bí DNA bá já, á ní kí sẹ́ẹ̀lì dúró kí wọ́n tún un ṣe. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, á ní kó kú. HPV ní ohun kan, E6, tó ń pa aṣọ́bodè yẹn. Òmíràn, E7, á tún tú ìjánu tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì máa pín ṣáá. Sẹ́ẹ̀lì á wá máa pín tòun ti àbùkù. Ìtọ́jú wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ gbà?

Ìyá Ìbejì: Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fáwọn ọmọbìnrin láti 2023 ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù: Ó ń dènà ni, kì í wo èyí tó ti wọlé. Ìyá Gàárì, mo bi yín léèrè.

Ìyá Gàárì Òkè-Àjé: Ọdún 18 la ti fẹ́ra, mi ò mọ ọkùnrin míì. Àgbo, díẹ̀ ni mo mu. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ ni wọ́n ní kí n gbà n'Ìbàdàn, mo ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nínú ìgbà 25. Ìgbẹ́ gbuuru dé, owó ọkọ̀ tán, mo ní kí n sinmi. Ọ̀sẹ̀ 3 rèé.

Nọ́ọ̀sì Ṣágámù: Háà! Ọ̀rọ̀ rèé, ẹ wá ń sọ aṣọ! Ìtànṣán ló ń já DNA jẹjẹrẹ, oògùn cisplatin tí wọ́n ń fà síni lára lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kì í jẹ́ kó rí i dì padà. Lóòótọ́ HPV ti ba àtúnṣe DNA sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jẹ́, àmọ́ ó ṣì mọ ọ́n ṣe díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó kù á tún ara wọn ṣe, wọ́n á máa bí sí i. Wọn kì í fẹ́ kí gbogbo ìtọ́jú ìtànṣán kọjá ọ̀sẹ̀ 8. Ìgbẹ́ gbuuru ní oògùn. Ẹ pe dókítà yín láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ sì jẹ́wọ́ àgbo.

Ọmọ Rẹ́mọ: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ìyá Gàárì Òkè-Àjé: Ẹ má bú mi mọ́. Ṣé kí n gba owó aṣọ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí n fi wọkọ̀?

Ìyá Ìbejì: Lálẹ́ yìí! Mo ń bọ̀, a jọ ń lọ ni.