Sákárà àti gòjé tó ti pẹ́ nílẹ̀: kí la ó tún ṣe kí ọjọ́ eré tó pé?

ỌmọOníkàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ sákárà wa fẹ́ padà ṣeré pọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyáàlù kan, omele méjì, gòjé (ohun èlò olókùn kan tí a ń fi ọrun ta) àti igbá ti pẹ́ nínú yàrá ẹrù. Awọ ìyáàlù ti dẹ̀, omele kan ń dún bíi páálí, ọrun gòjé ń yọ̀ lórí okùn. Èwo la lè tún ṣe, èwo la ó pààrọ̀? Áákọ́n (ẹ̀rọ amúlétutù) wà nínú gbọ̀ngàn náà o.

OnílùṢómólú
Ẹ má tíì fọwọ́ kan awọ. Amọ̀ tí wọ́n fi mọ ara ìlù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ fi ìka kan etí rẹ̀ yíká: bó bá ró kaan, ara rẹ̀ le, bó bá dún gbì, ó ti sán. Èyí tó bá sán, ẹ má wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́, torí bí awọ tuntun bá ti gbẹ tó sì fà, ibẹ̀ náà ló máa là.

Ti ìyáàlù kò ṣòro. Ẹ gbá èèkàn tó fa awọ rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbá ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i ló kàn. Ẹni tó bá ń gbá a tẹ̀ léra láti ẹ̀gbẹ́ kan, awọ á wọ́, ohùn á sì di méjì.

Omele yẹn, awọ rẹ̀ ti kú. Ẹ wá awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ó ní ojú ihò. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù mọ́jú, ẹ fà á bò ó nígbà tó ṣì rọ̀, kí ẹ sá a sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò. Nínú oòrùn, etí á gbẹ ṣáájú àárín, awọ á ya.

AtagòjéÈbúté
Ọ̀rá ọwọ́ ló ń mú ọrun yọ̀. Ẹ fi aṣọ tí ẹ tọ́ sìpírítì díẹ̀ sí nu irun ẹṣin náà, ti ọrun àti ti okùn. Kó má kan awọ o. Bó bá gbẹ, ẹ fi rọ́sìnì, oje igi tó ti gbẹ, pa á. Bó bá pọ̀ jù, ohùn á máa han.

Ẹ̀gbọ́n onílù ò sọ ti olórin. Ohùn àgbà lè wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọrin ná, kí ẹ fi gòjé bá a, kí ìlù wá tẹ̀ lé gòjé. Ẹ má fa awọ dé ibi tó wà láyé ọjọ́un.

ỌmọOníkàn
A dúpẹ́ o. Áákọ́n àti igbá ńkọ́?

OnílùṢómólú
Áákọ́n ń gbẹ awọ, ohùn á gòkè. Bí iná bá lọ tí èrò sì kún, á tún dẹ̀. Ẹ kó ìlù wọ gbọ̀ngàn ní wákàtí méjì ṣáájú eré, kó má jẹ́ abẹ́ áákọ́n gan-an, inú gbọ̀ngàn náà ni kí ẹ ti tún ohùn ṣe. Wọn ò ní gbà yín láàyè láti dáná mú awọ gbóná níbẹ̀, nítorí náà ẹ mú ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun dání. Ooru kékeré, kó jìnnà sí awọ, kó má dúró lójú kan. Igbá tó bá ti là, ẹ ra òmíràn. Òrùka tí onígbá ń wọ̀ sọ́wọ́ lu igbá ni kí ẹ má gbàgbé.