Próstéètì tó ń wú ṣáá: ṣé kí n ṣe shockwave àbí èyí tí wọ́n ń fi ooru ṣe?

Ọkọ_Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ próstéètì yìí (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) ti sú mi, ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi fà á, tí mo bá jókòó pẹ́ ńṣe ló máa ń ro mí láti abẹ́ ẹpọ̀n dé ìdí bíi pé orí òkúta ni mo jókòó sí, ìtọ̀ á máa jí mi lóru, tí èmi àti ìyàwó bá ṣeré tán ìrora ló ń tẹ̀ lé e. Àńtíbáyọ́tíìkì tí mo ti lò ò lóǹkà, á rọlẹ̀ díẹ̀ á tún padà. Dókítà wá ní nǹkan wà tí wọ́n lè ṣe láì la ara, ó dárúkọ shockwave (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ìró lu ibẹ̀ láti ìta), ó tún dárúkọ èyí tí wọ́n ń ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ihò ìtọ̀ tí wọ́n á fi ooru microwave jó próstéètì. Ta ló ti ṣe é rí? Ẹ má sọ pé kí n ṣe sùúrù o, mo ti ṣe é.

Nọ́ọ̀sì_Aláàánú:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ kankan, ṣé wọ́n tiẹ̀ ti wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀? Torí oríṣi méjì ló máa ń pẹ́ lára, èyí tí kòkòrò ń fà, àti èyí tó jẹ́ ìrora lásán tí wọn ò ní rí kòkòrò kankan, ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló sì pọ̀ jù, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ máa tọ̀ sínú ike kan, dókítà á ki ìka bọ ìdí yín á tẹ próstéètì yẹn díẹ̀ (kò dùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́), ẹ ó tún wá tọ̀ sínú ike kejì. Ike kejì yẹn ló ń tú àṣírí. Tí kòkòrò bá wà, àńtíbáyọ́tíìkì tó ń wọ inú próstéètì ni, ó sì máa tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Tí ò bá sí, ikùn yín lẹ kàn ń dà láàmú.

Bàbá_Jẹ́jẹ́:
Èmi ṣe shockwave. Wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì sí mi lábẹ́ ẹpọ̀n, wọ́n gbé orí ẹ̀rọ kà á, ó ń lu pó pó pó, kò sí abẹ́rẹ́ oorun, kò sí katítà (rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa ìtọ̀ jáde), mo dìde mo bá tèmi lọ. Ìrora yẹn rọlẹ̀ gan-an, àmọ́ ìtọ̀ òru ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn dókítà kan ní Jámánì ti dán an wò fún ọkùnrin 60, wọ́n gbé e jáde ní 2009, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, ìlù 3000 lẹ́ẹ̀kan, ara àwọn tí wọ́n ṣe é fún lóòótọ́ sàn ju ti àwọn tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ tàn lọ.

Tẹ́ńbẹ́lú:
@Ọkọ_Àbẹ̀kẹ́ ẹ fura sí microwave yẹn o ẹ̀gbọ́n. Próstéètì àwọn àgbà tó tóbi tó ń dí ojú ìtọ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ti ìrora kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Rezum (tí wọ́n ń fi ooru omi gbígbóná ṣe) àti UroLift (tí wọ́n ń fi ìkọ́ kéékèèké fa próstéètì sẹ́yìn) tí wọ́n ń polówó kiri. Microwave yẹn ń pa ẹran ara ibẹ̀ ni, katítà lè wà lára yín fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ó sì lè da dída àtọ̀ rú.

Ọkọ_Àbẹ̀kẹ́:
Háà! A ṣì ń wá ọmọ o, microwave ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà ńkọ́, èyí tí wọ́n kàn ń gún sí ara láì sí oògùn nínú ẹ̀? Ìyàwó mi ló ní kí n béèrè.

Nọ́ọ̀sì_Aláàánú:
Ìyàwó yín ò purọ́. Wọ́n ṣe é fún ọkùnrin 440 ní Ṣáínà, èsì jáde ní 2021, ìgbà ogún láàárín ọ̀sẹ̀ 8, nínú ọgọ́rùn-ún bíi 60 ló rí ìtura, àwọn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tàn jẹ́ bíi 37. Ẹ tún béèrè físíò tó mọ iṣan abẹ́ ìdí o, torí iṣan yẹn ló máa ń le gbagidi lára ọ̀pọ̀ wọn tí wọ́n á máa bú próstéètì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi PSA (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ próstéètì) dẹ́rù bà yín báyìí, próstéètì tó bá ń wú máa ń gbé e sókè, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ ná kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò.