Eyín àti erìgì: èsì mi sí "òkúta àpẹẹrẹ"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Àbúrò wa ògbufọ̀ ló da ìbéèrè sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá: kí la ó máa pe ohun tí Òyìnbó ń pè ní mineral specimen, ìyẹn òkúta tí a kó jọ fún wíwò, bó ṣe jáde nínú ilẹ̀ gan-an? Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìlọrin ní "òkúta àpẹẹrẹ". Ìyá wa olùkọ́ láti Ìbàdàn ní "òkúta iyebíye" ti wà nínú Bíbélì láti ọjọ́ yìí wá, kí la tún ń wá kiri? Mo kà á tán, mo wo àpótí onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ mi níbí ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rín sì pa mí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń kó òkúta jọ, tí mo ń tà nínú rẹ̀, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo lè fi ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ìyá ìyàwó mi. Mo sọ fún àlejò kan nígbà kan pé mínírà ni mo ń tà. Ó ní kí n bá òun wò ó bóyá Fanta kù nínú fíríìjì.

"Àlùmọ́ọ́nì" kò lè gbé e. Àlùmọ́ọ́nì ni epo rọ̀bì, òun ni èédú ilẹ̀, òun náà ni òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ọ̀rọ̀ tírélà. Ohun tí mo ń wí yìí, àtẹ́lẹwọ́ gbà á.

Ìdánwò kan ni mo fi ń yẹ orúkọ wò. Ẹ gbé òòlù, ẹ fọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ lórúkọ sí méjì. Tó bá jẹ́ àpẹẹrẹ ni, irú èyí tí olùkọ́ ń gbé wá sí kíláàsì, àpẹẹrẹ ti di méjì nìyẹn, kò sẹ́ni tó pàdánù. Tó bá jẹ́ òkúta iyebíye ni, ẹni tó fẹ́ gé e kò ní bínú púpọ̀, òun náà kúkú fẹ́ gé e, kó dán an, kó gbé e sórí òrùka. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fọ́ tèmi, owó ti wọgbó. Bó ṣe jáde nínú ilẹ̀ láì fara kan ayùn, tòun ti ìhà rẹ̀ tó tẹ́jú bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà, òun gan-an là ń rà. Ní Tucson ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá ọjà òkúta sílẹ̀ ní 1955, tí wọ́n sì ń ná an ní oṣù kejì ọdọọdún báyìí, àwọn kan ń fi owó ilé ra òkúta kan tí ẹnikẹ́ni ò ní gé láéláé. Wọ́n á gbé e sílẹ̀, wọ́n á máa wò ó. Nítorí náà "àwòtúnwò" ni mo mú wá fún odidi rẹ̀. Ẹ máa gbé e yẹ̀ wò.

Ẹ̀yà ara rẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí mo gba òkúta mi àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ìyá kan tó ń fọ́ òkúta tà lẹ́bàá ọ̀nà. Òkúta dúdú ni, ó tóbi tó ìkúùkù, àwọn ṣóńṣó funfun méje sì yọ lára rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìhà mẹ́fà. Mo gbé e délé. Ìyá mi àgbà gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Èyí mà ń rẹ́rìn-ín!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe ṣóńṣó yẹn ní eyín, tí mo ń pe òkúta tó hù sí ní erìgì. Eyín funfun lórí erìgì dúdú, ta ni Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹwà nìyẹn?

Ẹ wá wo bó ṣe ba òwò náà mu. Eyín tó ṣì wà lórí erìgì wọ́n ju èyí tó ti ká lọ. Tí orí eyín bá kán, kódà kó jẹ́ bí orí abẹ́rẹ́, oníbàárà á rí i, á sì gé owó. Tí eyín méjì bá ya fún ara wọn, èmi a máa pè é ní èjí, mo sì máa ń fi owó lé e. Èyí tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ sórí òkúta ńkọ́? Eyín àtọwọ́dá ni. Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ẹnì kan ta òkúta kan fún mi, eyín rẹ̀ gùn, ó mọ́ gaara, ó dúró ṣánṣán. Ìdí rẹ̀ ló mú mi fura, ó ń dán níbi tí kò yẹ kó ti dán. Mo rẹ ẹ́ sínú omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, mo dé e, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, erìgì wà lápá kan, eyín sùn sísàlẹ̀ àwo.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìlọrin, tí mo ti dá eyín yìí lábàá fún, ní kò lè jẹ́, pé òkúta kì í hù, ṣe ló ń dì. Mo gbà fún wọn dé ìdajì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó di kristali nínú Bíbélì wa, omi dídì ló túmọ̀ sí. Àwọn ará ìgbàanì rò pé omi tó dì tí kò ní yọ́ mọ́ ni òkúta mímọ́ gaara yìí. Wọ́n ṣìnà ní ti ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà púpọ̀ ní ti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ tó ti yọ́ òkúta sínú ló wọ inú ihò. Bó ṣe ń tutù ló ń tu òkúta náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ da iyọ̀ púpọ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ bù ú sínú àwo, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó bá horo onígun mẹ́rin nídìí àwo. Ó dì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ si, ẹ ó rí i pé ó ń tóbi, pé ó ní ìdí tó fi mú àwo àti orí tó nà síta. Irun ń hù, èékánná ń hù, bẹ́ẹ̀ a gé wọn, wọn kò dunni. Ayùn pàápàá ní eyín, òòyà ní eyín. Ta ló bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń mí?

Kò sì sí ohun tó burú nínú kí a sọ òkúta lórúkọ nípa ìṣe rẹ̀. Wọ́n ń wa tọmalíìnì, irú òkúta aláwọ̀ kan, ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, òmíràn pupa, òmíràn ewéko, ara rẹ̀ ní ilà wínníwínní láti ìdí dé orí. Ẹ yá a níná díẹ̀, ẹ gbé e sún mọ́ eérú tó fúyẹ́: á fa eérú mọ́ra. Àwọn Dutch rí i bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì pè é ní afaeérú ní èdè tiwọn. Ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹni tó ní ká má lo "awakùsà" torí ọ̀dọ̀ Hausa ni kùsà ti wá, mo bẹ̀ yín, ẹ fi wá sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní yí orúkọ padà nítorí wa.

"Ọta" tí àbúrò wa kan fẹ́ràn kúrú, ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ mi pé mo ní ọta tó lé ní igba nílé. Ó pè mí kíákíá, ó ní ta ni mo ṣẹ̀.

Ó ku orúkọ ẹni tó ń kó wọn jọ tó sì ń tà wọ́n. Ẹ bá mi dá sí i, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ "olókùúta". Mo ti dán ìyẹn wò. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ ọ́ sára ògiri, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú bíríkìlà rẹ̀, ó bojú wo àpótí onígíláàsì mi, ó ní èló ni tìpà kan.